Omi tí Èmi àti Ìbídùn Jọ Mu

Sátidé tó kọjá, mo jókòó sí fáráńdà ilé mi ní Òkè-Ìlá, ní Adó, mò ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí òórùn kan jáde láti ilé ìdáná wá bá mi. Òórùn àgbọn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àgbọn tútù, kì í sì í ṣe ti gúrúdí. Òórùn àgbọn tó ti ń kúrò ní wàrà, tó ń di òróró, tí ohun tó jókòó sí ìdí ìkòkò sì ti ń pupa lọ, ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti wọ imú mi kẹ́yìn. Mo gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀, mo dìde.

Tọ́pẹ́, ọmọ ọmọ mi tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi láti Ìbàdàn, ló ń se ìrẹsì. Ó ti ra agolo wàrà àgbọn kan, èyí tó ki bí ọ̀rá, ó da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò láìbu omi tó tó sí i, ó sì koná mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Wàrà ti já, òróró ti léfòó, ìrẹsì kò jinná, ìdí ìkòkò sì ti ń jó. Mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe. Ó ní, "Màmá, ṣebí àgbọn náà ni gbogbo ẹ̀?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n omi lé ròrò sí mi lójú. Ó rò pé èéfín ni, ó sáré lọ ṣí fèrèsé. Mo jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí n kò lè sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n rò pé nǹkan kan náà ni gbogbo ohun tó bá ti ara àgbọn jáde.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa àti ilé àwọn Ìbídùn, òjò sì ti wó apá kan rẹ̀, tó fi jẹ́ pé àwa méjèèjì kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé síra wa. Tísà ni bàbá mi, òun gan-an ló sì ń kọ́ kíláàsì wa. Ìdí nìyí tí Ìbídùn fi ń pè mí ní Ọmọ Tísà. Ìyá tirẹ̀ ti kú nígbà tí wọ́n ṣì ń pọ̀n ọ́n, bàbá rẹ̀ ń dáko lẹ́yìn Ìgèdè, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló sì ń gbé. Ìyá Àgbà ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá náà, àdín àgbọn ló sì ń ṣe tà.

Adó kì í ṣe etí òkun, àgbọn kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa bí obì àti kòkó. Igi mẹ́ta péré ló wà nínú agbo ilé wọn. Ìyókù, Ìyá Àgbà á máa rà á lọ́wọ́ àwọn tó ní ẹyọ igi kọ̀ọ̀kan lẹ́yìnkùlé, láti Òkè-Ìlá títí dé Ìgèdè. Bí ọjà bá ti ku ọ̀túnla, tí a bá ti ilé-ìwé dé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá Àgbà á fi àdá gé èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, á fi àgbọn lu òkúta, á là á sí méjì, omi inú rẹ̀ á sì ṣàn sílẹ̀. Kì í jẹ́ kí adìẹ pàápàá mu ún. Mo rántí pé ó máa ń fi ẹsẹ̀ wa iyanrìn bò ó, á ní adìẹ tó gọ̀ báyìí, bí ó bá tún mu omi àgbọn, ṣé yóò rántí ọ̀nà ilé?

Lẹ́yìn náà, èmi àti Ìbídùn á jókòó ti agolo tí wọ́n fi ìṣó lu jálẹ̀jálẹ̀, a ó máa rin àgbọn. Agolo yẹn kì í mọ àgbọn yàtọ̀ sí ìka. Àpá kéékèèké pọ̀ lórí ìka Ìbídùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ nínú kíláàsì wa, bẹ́ẹ̀ kò sí ìwé tó mọ́ tónítóní bíi tirẹ̀, nítorí ó máa ń fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣí i.

Àgbọn tí a rin tán, Ìyá Àgbà á bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e, á kó o sínú aṣọ funfun, á fún un. Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde máa ń ki, ó máa ń funfun gbòò. Àkọ́fún nìyẹn. Lẹ́yìn náà, á tún bu omi mìíràn sórí èyí tó ti fún, á fún un lẹ́ẹ̀kejì, ohun tó bá jáde á fẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àfúnkejì yìí ni a fi ń se ìrẹsì tàbí ẹ̀wà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ó lè bá iná ṣeré. Àkọ́fún kò lè fara da iná. Ìgbà tí oúnjẹ bá fẹ́ jinná ni a ń da díẹ̀ lé e, tí a ó sì fa igi jáde lábẹ́ ìkòkò. Tọ́pẹ́, ibi tí o ti ṣì í nìyẹn. Agolo tí o rà, àkọ́fún ló wà nínú rẹ̀.

Èyí tí Ìyá Àgbà bá fẹ́ fi ṣe àdín, á dé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀rá rẹ̀ á ti wá sókè, omi á wà nísàlẹ̀. Yóò fi igbá ré ọ̀rá náà, yóò gbé e kaná, wọn á sì máa rò ó láìsinmi títí yóò fi di òróró tó mọ́ bí omi òjò. Ohun pupa dídùn tó bá kù nídìí ìkòkò, ti àwọn ọmọdé ni. A máa ń fi í jẹ gààrí. Èèrí tó kù nínú aṣọ, ewúrẹ́ ló ni ín, àyàfi bí ìyàn bá mú. Bí ọyẹ́ bá dé, àdín á dì nínú igo, á funfun bí àbẹ́là, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n á sì máa pariwo pé wọ́n ta ayédèrú fún àwọn.

Ìyá Àgbà ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, omi unú àgbọn kọ́ ni wàrà rẹ̀ o. Omi unú rẹ̀, Ọlọ́run ló bù ú síbẹ̀. Wàrà, ọwọ́ ènìyàn ni." Á ní ká fi àtàǹpàkò àti ìka kejì ra á wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi inú rẹ̀ á gbẹ kíá. Wàrà á lẹ̀ mọ́ni díẹ̀. Àdín kò ní kúrò lọ́wọ́ ẹ títí di àṣálẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà náà, kò sí ìyá kan ní Òkè-Ìlá tó jẹ́ jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mu omi àgbọn. Wọ́n ní ó ń sọ ọmọ di òmùgọ̀. Wọ́n ní ó ń wọ ọpọlọ lọ, kì í sì í jáde mọ́. Kì í ṣe àwọn tí kò kàwé nìkan ló gbà á gbọ́. Bàbá mi, tó kọ́ wa nípa kòkòrò àìfojúrí, tó ń yẹ èékánná wa wò láràárọ̀ Mọ́ńdè, tó máa ń fi àwọn tó ń bẹ̀rù òwìwí ṣe yẹ̀yẹ́, bí ó bá dé ibi ọ̀rọ̀ omi àgbọn, bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ tí kò kàwé, ló ń dà.

A mu ún, bó ti wù kó rí. Èmi ni mo kọ́kọ́ dá a lábàá. Ìbídùn mọ ojú tó rọ̀ nínú ojú mẹ́ta àgbọn. Ó ń fi ìṣó dá a lu, ó ń gbé e fún mi lẹ́yìn ògiri tó wó, èmi á mu, òun náà á mu. Lẹ́yìn náà, a ó lọ kó o mọ́ àwọn tó kù, bí Ìyá Àgbà bá sì là á tó rí i pé ó gbẹ, á ní àgbọn ìsinsìnyí ti ń di ọ̀bàyéjẹ́. A máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa run wá. Ọdún méjì gbáko la fi mu ún bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò wò. Ọjọ́ tí wọ́n ń se àdín, ìyẹn ọjọ́ tó bá ku ọ̀la ọjà, Ìbídùn kì í wá sí ilé-ìwé. Ẹ̀yìn ti ń dun Ìyá Àgbà, ojú rẹ̀ kò gba èéfín mọ́, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa ro ìkòkò láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún kì í bá ọ̀sẹ̀ àwọn òyìnbó rìn. Bó bá bọ́ sí Mọ́ńdè, èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sí Fúráìdè, èyí tó tún tẹ̀ lé e á di Túsìdeè. Bẹ́ẹ̀ ni àìwá rẹ̀ ń tú ká, kò jọ ohun kan bàbàrà lójú ẹnikẹ́ni. Bàbá mi á pe orúkọ, kò ní gbọ́ ìdáhùn, á sàmì sínú ìwé, á sì máa bá ìṣirò lọ. Mo máa ń gbóòórùn àdín náà láti ẹnu títì bí mo bá ń bọ̀ wálé láti ilé-ìwé. Ìbídùn á ní kí n fi ìṣirò ọjọ́ náà han òun. Nígbà mìíràn mo máa ń fi hàn án, nígbà mìíràn mo máa ń sọ pé ebi ń pa mí.

A ṣe ìdánwò tí a fi ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé-ìwé. Orúkọ mi wà lókè pátápátá. Mo wá ti Ìbídùn lókè, mo wá a nísàlẹ̀, kò sí.

Àwọn mìíràn tún wà tí orúkọ wọn kò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n padà sí kíláàsì, wọ́n tún un ṣe lọ́dún kejì, púpọ̀ nínú wọn sì yege. Ìyẹn náà ni Ìbídùn fẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bàbá rẹ̀ ti oko dé, òun àti Ìyá Àgbà mú un wá sí pálọ̀ wa, kí bàbá mi lè gbà wọ́n nímọ̀ràn. Èmi wà lẹ́yìn kọ́tínì ẹnu ọ̀nà yàrá. Mo rí gbogbo wọn. Mo tún rí ìwé tí bàbá mi fi ń pe orúkọ wa, lórí tábìlì, ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Bàbá mi kò ṣí ìwé náà. Ó kọjú sí Ìbídùn, ó ní, "Ìbídùn, sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé o máa ń mu omi àgbọn?"

Ìbídùn gbójú sókè, ó wo kọ́tínì. Ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ó pọ̀?"

"Ó pọ̀, sà."

Bàbá mi mí kanlẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ti yé wa nìyẹn. Ìyá Àgbà ká ọwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún, ó ń wí pé, "Èmi ni. Èmi ni mi ò ṣọ́ ọ." Bàbá Ìbídùn ní ọmọ tí omi àgbọn ti gba ọpọlọ rẹ̀, kí ni ìwé tún fẹ́ rí ṣe níbẹ̀? Ó ní kó jókòó ti ìyá rẹ̀ àgbà, kó kọ́ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá tú gbogbo rẹ̀ ká. Bí mo bá ti jáde, tí mo ní, "Bàbá, èmi náà mu ún, èmi sì yege," kò sí ohun tí wọ́n lè fi dáhùn. Wọn ì bá wá ìdí mìíràn, bóyá bàbá mi ì bá sì ṣí ìwé tó wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. N kò jáde. Àtòrì bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, kì í ṣe àtòrì ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀rù bà mí pé wọn yóò ní tèmi kò tíì hàn síta ni, kí wọ́n sì gba ìwé lọ́wọ́ èmi náà. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi kò bá mi dákẹ́ rárá. Ti Ìbídùn ni. Kò sì dárúkọ mi, lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ mìíràn.

Mo lọ sí girama. Mo di tísà bíi bàbá mi. Ní gbogbo ọdún tí mo fi pe orúkọ àwọn ọmọ ní kíláàsì, bí ọmọ kan bá pa ọjọ́ méjì jẹ, mo máa ń tọ̀ ọ́ lọ sílé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rò pé iṣẹ́ ló wù mí tó bẹ́ẹ̀. Ìbídùn ní tirẹ̀ jókòó ti Ìyá Àgbà títí ìyá náà fi kú. Ó lọ́kọ, ó bí ọmọbìnrin kan ní ọdún ikú náà gan-an, wọ́n sì sọ ọmọ náà ní Yétúndé. Lẹ́yìn náà, ó gba ìsọ̀ ní Ọjà Ọba, ó ń ta àgbọn àti àdín. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì tí mo padà sí Adó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń lọ jókòó sí lọ́sàn-án, lórí àpótí lẹ́yìn ìsọ̀. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa orúnkún wa, nípa àwọn ọmọ, nípa ìjọ Aládùúrà tí Ìbídùn ń lọ. Bó bá la àgbọn fún oníbàárà, á kọ́kọ́ da omi rẹ̀ sí gọ́tà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo pinnu pé n kò ní kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí nínú. Mo ní, "Ìbídùn, omi àgbọn ìgbà náà, èmi náà mu ún. Bí o ṣe mu ún ni mo ṣe mu ún. Ó yẹ kí n sọ fún wọn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Tísà, ṣé mo ní o ò mu ún ni? Ìwọ lo máa ń gba èyí tó tóbi."

"Kò sì ṣe mí ní nǹkan kan."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àgbọn tó fẹ́ là. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Bí ìwọ bá mu ún, tí kò ṣe ọ́ ní nǹkan, á jẹ́ pé èmi gan-an ni mi ò lọ́pọlọ nùu."

Mo sáré dáhùn pé rárá, pé àwọn ọjọ́ tí kì í wá sílé-ìwé ni, àwọn ọjọ́ tó bá ku ọ̀la ọjà, pé ìdajì ìṣirò tí wọ́n kọ́ wa kò ṣojú rẹ̀, pé iwájú ìkòkò ló wà. Mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó rí ọ̀nà àbáyọ. Ó gbọ́ mi tán. Ó fi àdá sílẹ̀.

"Ta ló ní kí n dúró ti ìkòkò?"

Ó tẹjú mọ́ mi, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Yèyé mi kú, Ìyá Àgbà ló gbé mi pọ̀n. Ó sunkún ọ̀rọ̀ yìí wọ unú ilẹ̀ lọ, pé òun ò ṣọ́ mi. Ìwọ wá fẹ́ kí n máa sọ pé òun ló gba ùwé lọ́wọ́ mi?" Kò pariwo. Ó tún mú àdá rẹ̀. "Fi í sílẹ̀, Ọmọ Tísà. Jẹ́ kó jẹ́ omi náà."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Èmi ti rí i pé òtítọ́ lè lé e bá, kí onílé má fẹ́ kó wọlé. N kò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ọyẹ́ tó kọjá ni Ìbídùn kú.

Ayé ti yí. Wọ́n ń ta omi àgbọn nínú ike ní Adó báyìí, a rí i nínú fíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àwọn dókítà sì ń sọ fún àwọn aláboyún pé kí wọ́n mu ún. Ògiri tó wó yẹn, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù mọ òmíràn síbẹ̀, ó ga ju orí lọ. Àwọn ọmọ ò mọ èwo nínú ojú mẹ́ta àgbọn la ti ń dá a lu. Mo bá wọn yọ̀, n kò sì ní kí àná padà, torí àná náà ló jókòó sí pálọ̀ wa lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ohun tí kò tíì yí ni pé ènìyàn ṣì ń wá ohun tí yóò di ẹ̀bi rù, tí kò ní jẹ́ ẹni tí òun fẹ́ràn.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí a sin Ìbídùn, Yétúndé wá sílé mi. Nọ́ọ̀sì ni. Ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mà, Mọ́mì máa ń sọ pé omi àgbọn ni kò jẹ́ káwọn kàwé. Èmi mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ bá wọn dàgbà. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

Mo wo ojú rẹ̀. Ojú Ìyá Àgbà ni, kò yẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti wà lẹ́nu mi, agolo, ìkòkò, ìwé tó wà ní ìgbọ̀nwọ́ bàbá mi, kọ́tínì, gbogbo rẹ̀.

Mo ní, "Omi náà ni, ọmọ mi. Ìyá rẹ mu ún jù."